Ìrora Tó Kọ̀ Tí Kò Lọ: Bí Ẹ Ṣe Lè Jẹ́ Kí Físíò Tọ́jú Yín Lódindi

Ọ̀rọ̀ tí mo máa ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ wa ni èyí: "Wọ́n ya àwòrán, wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan. Ṣé irọ́ ni mò ń pa ni?" Ẹni tó ń sọ ọ́ lè ti fi oṣù mẹ́jọ lo oògùn, kó fi ìpara para títí, síbẹ̀ kó má lè jókòó fún ogún ìṣẹ́jú. Òun fúnra rẹ̀ ti ń ṣiyèméjì nípa ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá a lóhùn: irọ́ kọ́. Ìrora náà wà, ẹ̀yin ló sì ń jẹ ẹ́. Àmọ́ ohun tó máa ń gbé ìrora tó ti pẹ́ ró kì í sábà jẹ́ ohun kan ṣoṣo tí ẹ̀rọ lè yà jáde. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Iṣẹ́ físíò ni mò ń ṣe, iṣẹ́ àwọn tó ń fi ìdárayá, ọwọ́ àti àlàyé bá ara wá ìrọ̀rùn. Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ẹni tí ìrora ti bá fínra kọjá oṣù mẹ́ta, àti fún ẹbí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni a fi ń pààlà: ohun tó bá kọjá bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní ìrora ọlọ́jọ́ pípẹ́. Nínú ICD-11, ìwé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ń to orúkọ àìsàn, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2022, irú ìrora bẹ́ẹ̀ ní àyè tirẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àsọdùn ni.

1. Ẹ kọ́kọ́ yẹ ewu wò

Kí ẹ tó ronú kan ìdárayá kankan, ẹ wo ara yín dáadáa. Bí ẹ̀yìn bá ń dùn yín, tí abẹ́, ìdí àti àárín itan sì kú tí ẹ kò mọ̀ ọ́n lára mọ́ nígbà tí ẹ bá ń wẹ̀, tí ìtọ̀ kọ̀ tí kò jáde tàbí tó ń dà láìjẹ́ pé ẹ mọ̀, tàbí tí ẹsẹ̀ méjèèjì ń rọ, ilé ìwòsàn pàjáwìrì ni, lọ́jọ́ náà gan-an. Ó lè jẹ́ pé nǹkan ti tẹ àwọn iṣan tó wà nísàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn pa, bí ẹ bá sì fi í sùn mọ́jú, ó lè má ṣeé tún ṣe mọ́. Àyà tó ń fún mọ́lẹ̀ tó ń ta dé apá tàbí párì, pẹ̀lú òógùn àti èémí tó ń gé, pàjáwìrì ni òun náà. Bákan náà ni ẹ̀yìn ojúgun ẹsẹ̀ kan tó ṣàdédé wú, tó gbóná, tó sì ń dùn.

Àwọn mìíràn wà tí kò le tó bẹ́ẹ̀ ṣùgbọ́n tí dókítà gbọ́dọ̀ rí kí físíò tó fọwọ́ kàn yín: ibà pẹ̀lú ẹ̀yìn dídùn, ara tó ń rù láìnídìí, ẹni tó ti ní àrùn jẹjẹrẹ rí, àgbàlagbà tó ṣubú, ìrora òru tí kò dẹ̀ bó ti wù kí ẹ yí ara padà tó. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí ẹ̀yìn ń dùn kò ní àìsàn líle kankan tó fà á. Bí ẹ kò bá ní àwọn àmì yìí, ẹ fọkàn balẹ̀, kí a máa bá a lọ.

2. Ẹ lóye ohun tí ìrora jẹ́

Ibí ni mo máa pẹ́ sí, torí mo ti rí i pé ẹni tí ibí yìí bá yé, ìdajì iṣẹ́ ti tán.

Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún, René Descartes, onímọ̀ ilẹ̀ Faransé, ṣàlàyé ìrora bí ẹni ń fa okùn agogo: iná jó ẹsẹ̀, okùn fà, agogo dún nínú ọpọlọ. Bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń rò ó títí dòní nìyẹn. A gbà pé bí agogo bá ṣe dún tó ni iná ṣe pọ̀ tó. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní 1995, BMJ, ìwé ìròyìn àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ nípa ọkùnrin kan, ẹni ọdún 29, tó ń ṣe iṣẹ́ ilé kíkọ́. Ó fò sílẹ̀, ó bà lé orí ìṣó tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 15. Ìṣó náà gba ìsàlẹ̀ bàtà wọlé, ó yọ lókè. Bí ìṣó náà bá mì pẹ́nrẹ́n, ọkùnrin náà ń jẹ̀rora, ó di pé kí wọ́n fún un ní oògùn apàrora tó lágbára kí wọ́n tó lè fà á yọ. Nígbà tí wọ́n wá bọ́ bàtà rẹ̀, wọ́n rí i pé àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ méjì ni ìṣó gbà kọjá. Ẹsẹ̀ kò ní ojú ọgbẹ́ kankan.

Ṣé irọ́ ni ọkùnrin yẹn pa? Rárá o. Ojú rẹ̀ rí ìṣó tó yọ lókè bàtà, ọpọlọ rẹ̀ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó sì pinnu pé ewu ńlá ti dé. Ìrora ni ọpọlọ fi kìlọ̀ fún un. Ẹ tún wo òdìkejì rẹ̀: nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Henry Beecher, dókítà ọmọ Amẹ́ríkà, rí àwọn ọmọ ogun tí ọgbẹ́ wọn pọ̀ gan-an, síbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ní àwọn kò fẹ́ oògùn ìrora. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1946. Lójú tirẹ̀, ohun tí ọgbẹ́ náà túmọ̀ sí fún wọn ló fà á: wọ́n ti bọ́ lọ́wọ́ ikú, wọ́n ń lọ sílé. Ọgbẹ́ wà, ìrora kò tó o. Ti oníbàtà, ìrora wà, kò sí ọgbẹ́.

Èyí kan àwòrán tí ẹ ń gbé kiri náà. Ní 2015, àwọn olùṣèwádìí kó iṣẹ́ 33 jọ lórí àwọn ènìyàn tí ẹ̀yìn kò dùn rárá, wọ́n sì wo àwòrán ẹ̀yìn wọn. Nínú ọgọ́rùn-ún ẹni ogún ọdún, nǹkan bí 37 ni dísìkì àárín eegun ẹ̀yìn wọn ti ń gbó. Nínú ọgọ́rùn-ún ẹni ọgọ́rin ọdún, ó di 96. Kò sì sí ìrora! Bí orí ṣe ń hu ewú ni ẹ̀yìn náà ṣe ń fi ọjọ́ orí hàn. Torí náà, bí ìwé àyẹ̀wò bá ní "dísìkì ti gbó", ẹ má kà á sí ìdájọ́.

Báwo ni ìrora ṣe wá ń pẹ́ lára lẹ́yìn tí ọgbẹ́ ti jinná? Ẹ wo ajá ilé tí olè ti wọlé bá rí. Láti ọjọ́ náà, bí ewé bá já, yóò gbó. Bí onílé fúnra rẹ̀ bá ṣílẹ̀kùn, yóò gbó. Etí ajá kò bàjẹ́, kò sì parọ́, ó kàn ń ṣọ́ ilé ju bó ti yẹ lọ ni. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọ̀pá ẹ̀yìn àti ọpọlọ ṣe máa ń rí lẹ́yìn ìrora ọlọ́jọ́ pípẹ́. Ohun tí kò yẹ kó dunni, bí ìfọwọ́kàn tàbí títẹ̀ba díẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dunni. Ohun tó sì ń mú ajá náà gbó sí i ni àìsùn, ìbẹ̀rù, ọ̀fọ̀, wàhálà ibi iṣẹ́, àìrẹ́nì-bá-sọ̀rọ̀, àti ọ̀rọ̀ ìdẹ́rùbà lẹ́nu àwa oníṣègùn pàápàá.

Ọ̀nà ìtùnú náà wà nínú ara. Ní 1965, Ronald Melzack àti Patrick Wall, àwọn olùṣèwádìí nípa ìrora, ṣàlàyé pé ilẹ̀kùn kan wà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn tó lè ṣí fún ìrora tàbí kó sé mọ́ ọn, àti pé ọpọlọ náà ń fi ọwọ́ rẹ̀ ti ilẹ̀kùn yẹn látòkè. Ẹ ti ṣe é rí láìmọ̀: bí ẹ bá fi ìgbọ̀nwọ́ gbá ògiri, ọwọ́ yín á yára lọ fi pa á, á sì rọ̀. Wọ́n ti tún àlàyé yẹn ṣe láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n ohun tó ṣe pàtàkì nínú rẹ̀ ṣì dúró. Ní 1977, George Engel, dókítà ọmọ Amẹ́ríkà, kọ ọ́ nínú ìwé ìròyìn Science pé kò tó kí ìṣègùn máa wo ẹ̀yà ara nìkan, pé ọkàn ènìyàn àti àwọn tó ń bá gbé wà nínú àìsàn àti ìwòsàn rẹ̀. Ìpìlẹ̀ ìtọ́jú tí mò ń sọ níbí nìyẹn.

3. Ẹ kọ ìrora yín sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan

Kí ẹ tó lọ rí físíò, ẹ mú ìwé kékeré kan. Nọ́ńbà láti òdo dé mẹ́wàá wúlò, ṣùgbọ́n òun nìkan kò sọ̀rọ̀ tó. Ẹ kọ ohun tó yí i ká. Ó lè rí báyìí:

"Ọjọ́ Ajé. Mo sùn wákàtí mẹ́rin. Ìrora 6 ní òwúrọ̀. Mo jókòó ìṣẹ́jú 25 kó tó le. Ọ̀gá pè mí sí ọ́fíìsì, àyà mi já, ó di 8. Ní ìrọ̀lẹ́ mo bá ọ̀rẹ́ mi rìn díẹ̀, a rẹ́rìn-ín, ó di 4. Mi ò tilẹ̀ rántí ẹ̀yìn títí a fi dé."

Físíò tó mọṣẹ́ yóò rí nǹkan mẹ́ta nínú ọ̀rọ̀ yẹn tí àwòrán kankan kò lè fi hàn án: oorun tí kò tó, ìbẹ̀rù ọ̀gá, àti ìrìn pẹ̀lú ọ̀rẹ́ tó mú ìrora rọ̀.

4. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ sọ gbogbo rẹ̀

Ní ọdún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìyá kan wá pẹ̀lú èjìká ọ̀tún. Mo yẹ èjìká náà wò, mo na apá, mo fún wọn ní ìdárayá mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kọjá, kò sí ìyàtọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, bí mo ṣe ń tọ́ apá wọn sókè, mo bi wọ́n pé, "Mà, báwo lẹ ṣe ń sùn?" Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní, "Ta ló ń sùn, ọmọ mi?" Àrùn rọpárọsẹ̀ ló kọlu ọkọ wọn. Ní òru, ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n ń dìde yí i padà lórí ibùsùn kí ara rẹ̀ má bàa bó, apá ọ̀tún yẹn ni wọ́n sì fi ń fà á. Wọ́n ń bẹ̀rù pé bí èjìká bá já pátápátá, ta ni yóò máa gbé e? Èjìká tí mò ń tọ́jú lọ́sàn-án, òru ló ń lọ ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ní kíkún, nínú ìbẹ̀rù àti àìsùn.

A kọ́ wọn bí wọ́n ṣe lè fi aṣọ ibùsùn tẹ́ sábẹ́ baálé wọn kí wọ́n máa fi yí i láìgbé e. A bá ọmọ wọn sọ̀rọ̀, ó gba òru méjì lọ́sẹ̀. Ìdárayá mẹ́ta kan náà ni wọ́n ń ṣe, èjìká wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́. Ó ṣì ń dùn mí pé mo fi oṣù kan gbáko ṣòfò kí n tó béèrè ìbéèrè tí kò gba ìṣẹ́jú kan. Láti ìgbà yẹn, ìbéèrè nípa oorun ni mo fi ń ṣíwájú.

Torí náà, ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá bi yín. Ẹ sọ bí ẹ ṣe ń sùn, iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe, ẹni tí ẹ ń tọ́jú nílé, ohun tí ẹ ti pàdánù, oògùn tí ẹ ń lò. Ẹ sọ ohun tí ẹ rò pé ó ń ṣe yín àti ohun tó ń bà yín lẹ́rù jù nípa rẹ̀. Gbólóhùn bíi "Mo ń bẹ̀rù pé mo máa di arọ" yóò tọ́ físíò sọ́nà ju "ẹ̀yìn ń dùn mí" lọ. Bí ọ̀rọ̀ kan bá wà tí ẹ kò fẹ́ kí àwọn tó wà nítòsí gbọ́, ẹ ní kí wọ́n mú yín lọ síbi ìkọ̀kọ̀. Ẹ̀tọ́ yín ni.

Ẹ̀yin náà ẹ béèrè: Kí lẹ rò pé ó ń fà á? Kí ni mo lè ṣe fúnra mi nílé? Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ń yí padà? Èrò tèmi ni pé físíò tó bá so ẹ̀rọ mọ́ yín lára tó bá tirẹ̀ lọ, lójoojúmọ́, láìbi yín ní nǹkan kan, kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú yín. Ẹ̀rọ àti ìfọwọ́wọ́ra lè tuni lára díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà lásán ni.

5. Ẹ yan ohun tí ẹ fẹ́ padà máa ṣe

"Kí ìrora lọ" kò ṣeé wọ̀n. "Kí n lè gbé ọmọ ọmọ mi fún ìṣẹ́jú márùn-ún", "kí n lè jókòó parí ìsìn", ìyẹn ṣeé wọ̀n. Ẹ yan ọ̀kan, méjì tó bá pọ̀ jù.

6. Ẹ wá ibi tí ara yín lè dé, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀

Ẹni méjì ló máa ń kùnà níbí. Ti àkọ́kọ́ dùbúlẹ̀ pátápátá torí ìbẹ̀rù, ara rẹ̀ le, agbára rẹ̀ lọ, ìrora pọ̀ sí i. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́; ìsinmi tí kò lópin kì í ṣe oògùn ẹ̀yìn. Ẹnì kejì dúró de ọjọ́ tí ara bá yá, ó wá fi ọjọ́ kan ṣoṣo fọṣọ ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì fi ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e sunkún lórí ibùsùn. Ajá wa yìí, àwọn méjèèjì ló ń mú un gbó.

Ẹ ṣe é báyìí. Ká ní ìrìn ni ẹ fẹ́ tún ṣe. Fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ máa rìn ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ tó tù yín lára, kí ẹ wo aago ní ìgbà tí ìrora bá bẹ̀rẹ̀ sí í le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kì í ṣe ìgbà tí ẹ kò bá lè rìn mọ́. Ká ní ó jẹ́ ìṣẹ́jú 12, 8 àti 10. Ẹ ro ó pọ̀, ó di 30. Ẹ pín in sí mẹ́ta, ó di 10. Ẹ yọ ìdá kan nínú márùn-ún kúrò, ó ku 8. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni ibi ìbẹ̀rẹ̀ yín.

Wàyí o, ẹ máa rin ìṣẹ́jú mẹ́jọ yẹn lójoojúmọ́. Bí ara bá yá gágá, ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Bí ara kò bá dá, ìṣẹ́jú mẹ́jọ, bí ẹ tilẹ̀ máa pín in sí ọ̀nà méjì. Ọjọ́ tí ara bá yá ló ṣòro jù, torí ẹsẹ̀ á fẹ́ sáré. Ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ ti kó ara yín níjàánu. Aago ni kó sọ ìgbà tí ẹ máa dúró, kì í ṣe ìrora. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ fi ìṣẹ́jú kan kún un. Díẹ̀díẹ̀ ni eku ń jawọ.

Ó lè dùn díẹ̀ bí ẹ ti ń ṣe é, ìyẹn kò sọ pé ẹ ń ba nǹkan jẹ́. Ìwọ̀n tí mo máa ń fún àwọn ènìyàn ni pé bí ìrora kò bá kọjá 4 nínú 10, tó sì padà sí ti tẹ́lẹ̀ kó tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ máa bá a lọ. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀ tàbí tó wà títí di ọjọ́ kejì, ẹ dín in kù díẹ̀, ẹ má jáwọ́. Ọ̀nà kan náà ni fún jíjókòó, dídúró, títẹ̀ba àti gbígbé nǹkan. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún tàbí tí eegun rẹ̀ ṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ lo ìwọ̀n yìí láìgba àṣẹ.

7. Oorun àti ọkàn

Òru kan ṣoṣo tí ẹ kò bá sùn ti tó láti mú kí ara túbọ̀ máa dunni lọ́jọ́ kejì. Ẹ yan àkókò kan tí ẹ ó máa jí lójoojúmọ́, ẹ pa fóònù tì kí ẹ tó sùn, ẹ fi ìrọ̀rí sáàárín orúnkún bí ẹ bá ń fẹ̀gbẹ́ sùn tí ẹ̀yìn sì ń yọ yín lẹ́nu. Kí ẹ tó sùn, ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún mí jẹ́jẹ́: ẹ fa èémí wọlé títí ẹ ó fi ka mẹ́rin, ẹ tú u jáde títí ẹ ó fi ka mẹ́fà.

Bí ọkàn bá rẹ̀wẹ̀sì débi pé ẹ kò rí ìdí láti wà láàyè mọ́, ẹ sọ fún ẹnì kan lónìí, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn. Ìrora ọlọ́jọ́ pípẹ́ àti ìrẹ̀wẹ̀sì sábà máa ń rìn pọ̀, ìtọ́jú sì wà fún méjèèjì. Oògùn tí ẹ ti ń lò tipẹ́, ẹ má dá a dúró lójijì láìsọ fún dókítà.

8. Ẹ múra de ọjọ́ tí yóò padà gbóná

Yóò gbóná lọ́jọ́ kan, nígbà mìíràn láìnídìí tí ẹ lè tọ́ka sí. Ọjọ́ tí ara bá yá ni kí ẹ ti kọ ohun tí ẹ ó ṣe sílẹ̀, torí ìrora kì í jẹ́ kéèyàn ronú já geere. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé kan, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí ẹ ti lè rí i: "Mo ti bọ́ nínú èyí rí. Mo yẹ àmì ewu wò, kò sí. Màá dín ìrìn kù sí ìdajì fún ọjọ́ méjì. Màá fi nǹkan tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lé e. Màá pe ẹni báyìí báyìí. Ní ọjọ́ kẹta, màá bẹ̀rẹ̀ sí í fi í kún un padà."

9. Ẹ̀yin ẹbí

Ẹ gbà á gbọ́. Ìyẹn ló ṣíwájú. Lẹ́yìn náà, ẹ má gba gbogbo iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ìfẹ́. Ẹni tí a kò jẹ́ kó ṣe nǹkan kan yóò gbàgbọ́ pé òun kò lè ṣe nǹkan kan. Dípò "Jókòó, wàá ṣe ara rẹ léṣe," ẹ sọ pé, "Ẹ jẹ́ ká jọ rìn ín." Bí ẹni náà bá rin ìṣẹ́jú mẹ́jọ rẹ̀, ẹ kí i fún ìyẹn ju bí ẹ ṣe ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé "Ṣé ó ṣì ń dùn?" Ìbéèrè yẹn, bí ẹ bá bi í nígbà mẹ́wàá lóòjọ́, ìgbà mẹ́wàá ni ọpọlọ rẹ̀ yóò lọ wá ìrora náà rí.

10. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà

Ẹ ṣí ìwé kékeré yẹn sí ojú ewé àkọ́kọ́. Ẹ má fi nọ́ńbà ìrora ṣe ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó wò. Ẹ wo ìṣẹ́jú tí ẹ ń rìn, wákàtí tí ẹ ń sùn, ohun tí ẹ ń ṣe báyìí tí ẹ kò lè ṣe nígbà náà. Ìrora ló sábà máa ń kẹ́yìn dín kù. Bí nǹkan kan nínú wọn bá ti sún síwájú, ẹ máa bá a lọ. Bí kò bá sí èyí tó yí padà, ẹ gbé ìwé náà lọ fún físíò yín, kí ẹ jọ kà á, kí ẹ sì sọ pé ẹ fẹ́ kí ó tún yín yẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀, tàbí kí ó pe dókítà àti onímọ̀ ìtọ́jú ọkàn mọ́ ọn.